Kí ni wọ́n ń pè ní "pursuit"? Ìdí tí ọlọ́pàá ìlú Ọba fi máa ń jáwọ́ lára ọkọ̀ tó sá

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé láti Ìbàdàn jọ ń bọ̀ lójú ọ̀nà Old Kent Road ní Lọ́ńdọ̀nù. Níwájú wa, ọlọ́pàá tan iná búlúù sí mọ́tò dúdú kan pé kó dúró. Mọ́tò náà dẹ eré bí ẹni tó fẹ́ páàkì, àfi fìrì tó já iná pupa, ó di àwátì. Ọlọ́pàá tẹ̀ lé e díẹ̀, ìgbà tó yá ni wọ́n paná, tí wọ́n rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi: "Ó tán náà nìyẹn? Ṣé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n ni?"

Ẹni tó bá ti wakọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Èkó rí máa mọ ìdí tó fi yà á lẹ́nu. Nílé, òṣìṣẹ́ ojú pópó lè fò wọlé sí ẹ̀gbẹ́ dírẹ́bà, kó di sítíárìn mú, ẹlòmíràn á tiẹ̀ so mọ́ iwájú ọkọ̀ bí àdán. Mo ṣàlàyé fún un títí a fi délé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo àlàyé náà sì rọ̀ mọ́: "pursuit", ìyẹn ìlépa.

Nínú ìlànà tí College of Policing kọ sílẹ̀ fún ọlọ́pàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales, kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ ọlọ́pàá bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ń pè ní ìlépa. Nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pàdé. Dírẹ́bà ti fi bó ṣe ń wakọ̀ hàn pé òun ò ní dúró. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbà pé ó mọ̀ pé wọ́n ní kí òun dúró. Ọlọ́pàá náà sì pinnu pé òun ò ní padà lẹ́yìn rẹ̀, yálà kó lè dá a dúró, yálà kó kàn lè máa ròyìn ibi tó ń gbà fún àwọn yòókù. Ẹni tí kò rí iná búlúù nítorí pé fújì ń dún kíkankíkan nínú mọ́tò rẹ̀ kò tíì sá fún ẹnikẹ́ni.

Orúkọ yìí ṣe pàtàkì torí pé bí ọ̀rọ̀ bá ti di ìlépa báyìí, àṣẹ ti bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó wà nídìí sítíárìn. Ó gbọ́dọ̀ ké sí yàrá ìdarí lórí rédíò, kó sọ eré tí wọ́n ń sá, títì tí wọ́n wà, bí èrò ṣe pọ̀ tó, bóyá òjò ń rọ̀, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ń lé ẹni náà, àti irú ẹ̀kọ́ ọkọ̀ wíwà tí òun fúnra rẹ̀ ti gbà. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú yàrá yẹn, tí ara rẹ̀ kò gbóná, ló máa ní kí wọ́n máa lọ tàbí kí wọ́n jáwọ́. Tó bá ní kí wọ́n jáwọ́, iná ni wọ́n máa pa. Ọlọ́pàá tí kò kọ́ iṣẹ́ ìlépa kò tiẹ̀ gbọdọ̀ dá a lé rárá, bó ti wù kí mọ́tò tí wọ́n gbé fún un yá tó.

Ìpele méjì ni ìlépa ní. Ní àkọ́kọ́, wọ́n kàn ń tẹ̀ lé ọkọ̀ náà ni, wọ́n ń dúró de àwọn tó mọṣẹ́ jù wọ́n lọ. Ìpele kejì ni ti àwọn ọ̀jáfáfá, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà ti dùn ún wò (láti òkèèrè o). Wọ́n ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní TPAC: mọ́tò ọlọ́pàá kan á bọ́ síwájú ẹni tó ń sá, òmíràn á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀kẹta á wà lẹ́yìn, gbogbo wọn á wá jọ máa dẹ eré díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi ní sí ibi tó lè gbà mọ́. Wọ́n tún ní stinger, ohun ẹlẹ́gùn-ún kan bí ẹ̀yìn òòrẹ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sí ojú títì. Àwọn ẹ̀gún rẹ̀ ní ihò nínú bíi páìpù. Bí táyà bá gùn ún, ẹ̀gún á há síbẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì máa gba inú ihò náà jáde díẹ̀díẹ̀, kí táyà má baà bẹ́ lójijì kí ọkọ̀ sì gbókìtì. Tí hẹlikópítà bá sì ti wà lókè, àwọn ti ilẹ̀ lè fà sẹ́yìn pátápátá, kí ẹni tó ń sá rò pé òun ti bọ́, kó sì dẹ eré fúnra rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn ò kàn lé e títí ọwọ́ á fi tẹ̀ ẹ́? Ìwé òfin ojú pópó ìlú Ọba, Highway Code, ní ẹni tó bá ń sá máìlì 30 ní wákàtí kan nílò mítà 23 kó tó lè dúró. Tó bá jẹ́ máìlì 70 ló ń sá, ó di mítà 96, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Ẹ wá ro ẹni tó ń sá máìlì 70 ní àdúgbò tí ilé ìwé wà, tí ọkọ̀ ọlọ́pàá sì ń sáré kan náà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkọ̀ méjì nìyẹn tí kò lè dúró fún ọmọ tó bá sọdá. Bí ọlọ́pàá bá jáwọ́, ọ̀kan nínú eré méjèèjì ti parí, èkejì náà sì lè parí torí pé kò sí ẹni tó ń lé e mọ́. Ìgbà tí mo débi yìí ni ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ pa á lówe: bí a bá ń lé ni tí a kò bá ni, ìwọ̀n là ń bá ni ṣọ̀tá mọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, àwọn ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 16, èkejì jẹ́ ọmọ ọdún 15, kú lórí kẹ̀kẹ́ oníná mànàmáná ní àdúgbò Ely nílùú Cardiff. Ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá níbẹ̀ sọ pé ọlọ́pàá kò lé wọn. Fídíò kámẹ́rà ilé kan wá fi hàn pé ọkọ̀ ọlọ́pàá wà lẹ́yìn wọn ní kété kí jàǹbá náà tó ṣẹlẹ̀. Ìgboro ti dàrú ní alẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ti dáná sun mọ́tò. Lẹ́nu ọlọ́pàá, pé ọkọ̀ wọn wà lẹ́yìn ẹnì kan kò tíì sọ ọ́ di ìlépa. Lójú ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, kí ni ìyàtọ̀?

Títí dé ibí yìí, mo wà lẹ́yìn ọlọ́pàá tó bá jáwọ́. Ibi tó ń dùn mí ni ohun tó ń tẹ̀ lé e, ìyẹn òfin fúnra rẹ̀. Abala 163 nínú òfin ojú pópó ti ọdún 1988 fún ọlọ́pàá tó wọ aṣọ iṣẹ́ lágbára láti dá ọkọ̀ èyíkéyìí dúró, kò sì pọn dandan kó fura sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá dúró, owó ìtanràn lásán ni ìjìyà rẹ̀ lábẹ́ abala yẹn. Kò sí ẹ̀wọ̀n níbẹ̀, kò sí póìǹtì (ìyẹn àmì ẹ̀ṣẹ̀) kankan lórí láísẹ́ńsì. Ẹni tó bá gbé igbó tàbí ìbọn sínú bùútù máa ṣírò ẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà: tí mo bá dúró, ẹ̀wọ̀n, tí mo bá sá tí wọ́n wá mú mi lẹ́yìn ọ̀la, ìtanràn. Lóòótọ́, bí ó bá sá lọ́nà tó léwu, ẹ̀sùn ìwakùwà lè gbé e lọ sẹ́wọ̀n ọdún 2, wọ́n á sì gba láísẹ́ńsì rẹ̀ fún ọdún kan ó kéré tán. Bí ó bá sì pa èèyàn, láti ọdún 2022 ó lè di ẹ̀wọ̀n gbére. Bí èèyàn ṣe sá ni òfin ń bínú sí. Sísá gan-an kò fẹ́rẹ̀ẹ́ já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀.

Kí kóòtù tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ sì rèé, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó wakọ̀. Kámẹ́rà tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ pọ̀ káàkiri ìlú Ọba, nítorí náà wọ́n lè kọ lẹ́tà sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé ọkọ̀ pé, ta ló wa ọkọ̀ yín ní aago báyìí? Abala 172 ló mú kí ìdáhùn di dandan. Ẹni tó bá dákẹ́, póìǹtì 6 àti ìtanràn tó lè tó £1,000 ń dúró dè é. Ẹ kíyè sí i pé kíkọ̀ láti dáhùn lẹ́tà ń fa póìǹtì sórí láísẹ́ńsì, kíkọ̀ láti dúró fún ọlọ́pàá kò sì fà á. Tó bá sì jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí ńkọ́, tàbí nọ́ńbà ẹlòmíràn ni wọ́n dà kọ? Ìyá oníyàá tó gbé mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ní Peckham ni lẹ́tà náà máa já lé lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹsẹ̀ ló máa tú irú èyí, kí ẹnì kan kanlẹ̀kùn, kó béèrè, kó wo fídíò. Ní ọdún 2020, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò iṣẹ́ ọlọ́pàá gbé ìròyìn jáde pé iṣẹ́ ojú pópó ti di ohun àpatì lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn iléeṣẹ́ ọlọ́pàá. Ibẹ̀ ni àìlágbára tí ẹ̀gbọ́n mi rò pé òun rí lójú títì wà gan-an.

Kì í ṣe ìlú Ọba nìkan ni ọ̀rọ̀ ìlépa ti ń fa àríyànjiyàn. Ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin kan ní 2021 tó dín ìgbà tí ọlọ́pàá lè lé ọkọ̀ kù gan-an. Àwọn ọlọ́pàá pariwo pé àwọn dírẹ́bà kò dúró mọ́. Nígbà tó fi máa di 2024, wọ́n ti yí i padà.

Fún àwa tiwa tí a wà níbí: láísẹ́ńsì Nàìjíríà kì í ṣiṣẹ́ kọjá oṣù 12 lẹ́yìn tí èèyàn bá ti di olùgbé ìlú Ọba. Ẹni tí tirẹ̀ ti kọjá, íńṣọ́ránsì rẹ̀ lè di òfo, wọ́n sì lè gbé mọ́tò rẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Òun ni iná búlúù lè tàn sí lẹ́yìn kó máa rò ó pé kí òun tẹná mọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró. Kò pọn dandan kí ẹ kó pàtíkúlà dání lójú títì bíi ti ilé. Bí ẹ kò bá mú ìwé dání, wọ́n lè fún yín ní ọjọ́ 7 láti gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tí kò ní àmì ọlọ́pàá ló ń tan iná sí yín lóru, tí ara yín kò balẹ̀, ẹ tan hásáàdì, ẹ rọra máa lọ síbi tí iná àti èèyàn wà, kí ẹ pe 999 kí wọ́n bá yín wádìí bóyá ọlọ́pàá ni lóòótọ́.

Oṣù kẹrin ẹ̀gbọ́n mi rèé níbí. Ó ti san £34 fún láísẹ́ńsì akẹ́kọ̀ọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì ń jà sí i pé ẹni tó ti wakọ̀ láti Ìbàdàn dé Ìlọrin fún ogún ọdún kò yẹ lẹ́ni tí wọ́n ń dán wò.