Lẹ́tà Láti Vancouver: Bí Ọjọ́ Èdè Abínibí Ṣe Di ti Gbogbo Ayé

Tí ọjọ́ 21 oṣù kejì bá ti pé, fóònù wa kì í sinmi. Ẹni tó ń fi òwe ránṣẹ́ ń fi ránṣẹ́, ẹni tó ń ki oríkì ìdílé rẹ̀ ń kì í, olùkọ́ Yorùbá tí ẹnikẹ́ni ò bèèrè rẹ̀ láti ọdún tó kọjá á di ẹni tí rédíò ń wá kiri. Ọjọ́ Èdè Abínibí Àgbáyé ni. Èmi náà ti bá wọn ṣe é lọ́pọ̀ ìgbà kí n tó bi ara mi pé, ta ló tilẹ̀ mú ọjọ́ yìí? Èrò mi ni pé àwọn ọ̀gá UNESCO, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, ní Párísì ló jókòó, tí wọ́n wo kàlẹ́ńdà, tí wọ́n fọwọ́ lé ọjọ́ kan. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọmọ Bángládẹ́ṣì méjì tó ń gbé ní Vancouver, nílẹ̀ Kánádà, ló fi lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sì mú, ọjọ́ ikú ni.

Dhaka, tó jẹ́ olú ìlú Bángládẹ́ṣì lónìí, ni ọ̀rọ̀ ti wá. Nígbà tí wọ́n pín Íńdíà ní 1947, Pakístàn tí wọ́n dá sílẹ̀ jẹ́ apá méjì, ọ̀kan ní ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, ilẹ̀ Íńdíà tó fẹ̀ tó nǹkan bí 1,600 kìlómítà sì dá wọn láàárín. Ìlà-oòrùn ló ní èrò jù, Bengali ni wọ́n ń sọ. Ìwọ̀-oòrùn ni agbára wà. Ní oṣù kejì 1948, aṣòfin kan tó ń jẹ́ Dhirendranath Datta dìde nílé ìgbìmọ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí Bengali wà lára èdè tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Wọn ò gbà. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Muhammad Ali Jinnah tó jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè náà wá sí Dhaka fúnra rẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀ fún wọn pé Urdu nìkan ni yóò jẹ́ èdè ìjọba. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́ o! Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á, àfi bí ẹ̀rín náà ò ṣe pẹ́ lẹ́nu mi.

Nítorí pé ní ọjọ́ 21 oṣù kejì 1952, ìjọba ti fòfin de ìpéjọ ní Dhaka, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì sì tú jáde bẹ́ẹ̀ náà. Ọlọ́pàá yìnbọn fún wọn nítòsí ilé ẹ̀kọ́ àwọn dókítà. Abul Barkat kú. Rafiquddin Ahmed kú. Abdul Jabbar kú. Ìbọn ba Abdus Salam, ó wà lórí ibùsùn títí di oṣù kẹrin kí ẹ̀mí tó bọ́ lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún yìnbọn, Shafiur Rahman sì bá a lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi òru mọ ọwọ̀n ìrántí kan síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí àwọn ọlọ́pàá fi wó o.

Ní 1956, òfin ilẹ̀ Pakístàn gba Bengali wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Urdu, ṣùgbọ́n omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Ìbínú yẹn wà lára ohun tó di ogun 1971, ogun tó bí Bángládẹ́ṣì. Datta tó kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀, àgbàlagbà ni nígbà náà. Àwọn ṣọ́jà wá mú un nílé, wọ́n sì pa á.

Ekushey ni àwọn Bengali ń pe ọjọ́ náà, ìyẹn ni mọ́kànlélógún lédè wọn. Ní ìdájí, wọ́n á bọ́ bàtà, wọ́n á fẹsẹ̀ lásán rìn pẹ̀lú òdòdó lọ́wọ́ lọ síbi Ọwọ̀n Àwọn Ajẹ́rìíkú, Shaheed Minar. Ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ lásán rìn báyìí láti kékeré kò lè dé ìlú òyìnbó kó gbàgbé. Ibi tí wọ́n bá pọ̀ sí lókè òkun, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe ní in, ẹgbẹ́ náà ló sì ń wá gbọ̀ngàn fún Ekushey, tó ń da owó, tó ń lọ bá káńsù.

Ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tó ti ẹkùn Sylhet ní Bángládẹ́ṣì wá ló pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn baba wọn jẹ́ òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ń wa èédú sínú iná nísàlẹ̀ ọkọ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn di aránṣọ àti alásè. Ní ọjọ́ 4 oṣù karùn-ún 1978, wọ́n gún ọ̀kan nínú àwọn aránṣọ yìí, Altab Ali, lọ́bẹ pa ní Whitechapel bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, kìkì nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, nǹkan bí 7,000 èèyàn tẹ̀ lé pósí rẹ̀ dé Downing Street, níbi tí olórí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbé. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn ọ̀dọ́ Bengali ibẹ̀ ti mọ bí wọ́n ṣe ń mú ohùn wọn dé etí ìjọba. Pápá tó wà nítòsí ibi tó kú sí ń jẹ́ Altab Ali Park lónìí, inú rẹ̀ ni wọ́n sì kọ́ Shaheed Minar ti Lọ́ńdọ̀nù sí ní 1999. Ti Oldham, ìlú mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣíwájú rẹ̀ ní 1997. Ẹni tí wọ́n pa nítorí àwọ̀ àti àwọn tí wọ́n pa nítorí èdè ń gbé ojú kan náà.

Ní Vancouver, wọn ò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Rafiqul Islam, tó jagun 1971, wà lára àwọn díẹ̀ tó wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1998, ó kọ lẹ́tà sí Kofi Annan, ọmọ Ghana tó jẹ́ akọ̀wé àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé nígbà náà. Ó ní èdè ń kú káàkiri ayé, ó ní kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún èdè abínibí, kí ọjọ́ náà sì jẹ́ 21 oṣù kejì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a ru ẹrù náà ń jẹ́ Abdus Salam. Ẹ tún orúkọ méjèèjì wò: Rafiq àti Salam. Orúkọ méjì nínú àwọn tó ṣubú ní Dhaka ni. Ẹni tó bá fẹ́ kó pè é ní àkúnlẹ̀yàn.

Èsì dé láti New York: ẹnì kan ò lè dá gbé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá síwájú Àjọ Ìṣọ̀kan. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti ká lẹ́tà náà sínú dúrọ́ọ̀, ká máa sọ ìtàn rẹ̀ níbi ìkómọ. Àwọn méjì yìí dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n pè é ní Mother Language Lovers of the World. Ohun tí mo gba tiwọn fún jù lọ nìyí. Wọn ò lọ kó ọmọ Bángládẹ́ṣì mẹ́wàá jọ, èyí tí ì bá rọrùn. Èèyàn mẹ́wàá tó fọwọ́ sí lẹ́tà kejì ń sọ èdè méje: Bengali, Gẹ̀ẹ́sì, èdè àwọn ará Philippines, èdè Jámánì, Cantonese, Hindi àti Kutchi. Báyìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn ará Bengali ló ń wá ẹni tí yóò bá wọn sunkún òkú wọn. Ọ̀rọ̀ ti di ti gbogbo ayé kí ayé tó gbọ́ ọ. Kò sí èdè ilẹ̀ Áfíríkà kankan nínú méjèèje, ìyẹn ń dùn mí díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Áfíríkà ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Àìmọye lẹ́tà ló tún tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ sí aṣojú Kánádà ní Àjọ Ìṣọ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà yí láti New York dé UNESCO ní Párísì, ibẹ̀ náà sì ní ẹgbẹ́ ò lè gbé e wá, àfi orílẹ̀-èdè. Wọ́n dárúkọ márùn-ún tí wọ́n lè lọ bá: Kánádà, Íńdíà, Họ́ngárì, Fínlándì àti Bángládẹ́ṣì. Ní Dhaka, ọ̀rọ̀ bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, ẹ sì mọ bí fáìlì ṣe ń rìn láti tábìlì kan dé èkejì. Oṣù kẹsàn-án 1999 ni gbèdéke. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kọjá, Sheikh Hasina tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà ní kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ ná, kí ètò tó yẹ máa bá a lẹ́yìn. Wọ́n fi fáàsì fọ́n ọn lọ sí Párísì.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kọkànlá 1999, ìpàdé àpapọ̀ UNESCO fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó takò ó, Pakístàn náà ò takò ó. Ọjọ́ 21 oṣù kejì 2000 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é káàkiri ayé. Lọ́dún 2001, Bángládẹ́ṣì fún ẹgbẹ́ Vancouver yìí ní Ekushey Padak, àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n fi ọjọ́ náà sọ lórúkọ. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn kan náà, Kofi Annan tí wọ́n kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí wá sí Dhaka, ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ èdè abínibí lélẹ̀.

Ní ẹ̀gbẹ́ Vancouver, nínú pápá Bear Creek ní Surrey, wọ́n gbé ohun ìrántí ọjọ́ náà dúró ní 2009. Rafiqul Islam rí i. Ààrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ló pa á ní Vancouver ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 2013, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ìfọwọ́sí Párísì pé ọdún mẹ́rìnlá.