Ọgbẹ́ Ẹsẹ̀ Ẹṣin: Ohun Tó Ń Mú Un Jinná àti Ohun Tó Ń Fà Á Sẹ́yìn

Ọgbẹ́ tó wà ní itan ẹṣin àti èyí tó wà nísàlẹ̀ orúnkún rẹ̀, orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ń jẹ́. Ti itan, bó tilẹ̀ fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, ó lè súnkì fúnra rẹ̀ kó sì padé láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ orúnkún lè kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó sì gba oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Láti orúnkún dé pátákò, ẹṣin kò lẹ́ran lẹ́sẹ̀. Awọ ni, iṣan líle ni, eegun ni, ó parí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré. Awọ ibẹ̀ lẹ̀ mọ́ eegun débi pé kò sí èyí tó ṣẹ́kù tí a lè fà bo ojú ọgbẹ́. Gbogbo ìgbésẹ̀ ló ń ya ojú ọgbẹ́ náà, ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ kò sì jìnnà sí i. Awọ tuntun tó ń hù láti etí ọgbẹ́ ní ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ kì í rìn ju nǹkan bíi mìlímítà kan lọ ní ọjọ́ 10. Lára, ó ń yá ju ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti gba ìṣirò yìí sọ́kàn kò ní máa wá oògùn àjídèwe kiri.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín kì í ṣe ilẹ̀ ẹṣin látilẹ̀wá. Igbó ni Àkúrẹ́ àti Oǹdó, inú igbó sì ni eṣinṣin tsetse tó ń kó àrùn sẹ́jẹ̀ ẹran ń gbé. Ó wà lára ohun tó ń ká àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ kò létí igbó láyé ogun. Àwọn tí à ń rí lónìí, tí wọ́n ń gbé ọkọ ìyàwó dé gbọ̀ngàn tàbí tí olóyè ń gùn lọ́jọ́ ìwúyè, Òkè Ọya ni wọ́n ti rà wọ́n wá, ojú títì ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ewu wà: kọnkéré orí gọ́tà tó ti fọ́, páànù tó yọrí síta, wáyà ẹlẹ́gùn-ún, ọ̀kadà tó já wọ títì Ọba Adésidà láìwẹ̀yìn. Ẹṣin tó bá ki ẹsẹ̀ bọ gọ́tà kì í dúró de ẹni tó máa yọ ọ́. Agbára ló máa fi fà á, awọ á sì bó kúrò lára eegun.

Ẹ̀jẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba èèyàn. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n ara ẹṣin ló jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn bíi lítà 24 fún ẹṣin tó wọn kílò 300. Bí lítà kan tàbí méjì bá dà sílẹ̀, gbogbo ilẹ̀ á pọ́n, àmọ́ ẹṣin náà kò ní kú. Aṣọ mímọ́ tó nípọn ni wọ́n ń fi tẹ ojú ọgbẹ́, tí wọ́n á sì dì í mọ́ ọn gírígírí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá mu aṣọ náà já, òmíràn ni wọ́n ń gbé lé e lórí. Ẹni tó bá tú ti àkọ́kọ́ láti yọjú wò ó ti fa ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dì kúrò nìyẹn. Ẹni tó di ìjánu mú gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹsẹ̀, torí ẹṣin tí nǹkan ń ro kò mọ olówó rẹ̀ yàtọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífọ̀ kàn, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ. Omi iyọ̀ tó: omi tí wọ́n ti sè tó sì ti tutù, gíráàmù 9 iyọ̀ nínú lítà kan, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan àbọ̀ tí wọ́n fá lórí. Kí ó pọ̀, kí ó máa ṣàn, kó gbé iyanrìn àti irun jáde. Kẹrosíìnì, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ẹyin bátìrì tí wọ́n lọ̀, spírítì, Dẹ́tọ́ọ̀lù tí wọn ò là, gbogbo ìwọ̀nyí ni wọ́n ń dà sí ọgbẹ́ ẹran láàárín ìlú, tí inú wọn á sì dùn pé ó ń ta á, pé oògùn ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tó ń pa kòkòrò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ ń pa ẹran tuntun tó fẹ́ hù pẹ̀lú. Níbi tí mìlímítà kan ti ń gba ọjọ́ 10, kò sí èyí tó yẹ ká fi ṣòfò.

Ojú ọgbẹ́ tó ti mọ́ ló máa fi ohun tó wà nísàlẹ̀ hàn. Bí ọgbẹ́ náà bá súnmọ́ oríkèé, bó tilẹ̀ ṣe pé ihò kékeré ni, kí wọ́n wò ó bóyá omi kan ń jáde níbẹ̀ tó ń yọ̀ tó sì ń fà bíi funfun ẹyin tútù. Omi oríkèé nìyẹn. Ọgbẹ́ ńlá tí ẹran rẹ̀ yọ síta kò burú tó ihò kékeré yìí. Ẹṣin náà lè rìn dáadáa lọ́jọ́ kìíní, torí omi náà ń rí àyè jáde. Ìgbà tí ihò bá dí tí ọyún sì kún inú ni kò ní lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, oríkèé náà sì ti lè bàjẹ́ nígbà yẹn. Ọjọ́ náà gan-an ni dókítà ẹran gbọ́dọ̀ fọ inú oríkèé, kì í ṣe ọ̀la. Bí kò bá sí ẹni tó lè ṣe é nítòsí, ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Ìbàdàn ni ọ̀nà lọ, kí wọ́n sì di ẹsẹ̀ náà dáadáa kó tó wọ ọkọ̀. Bákan náà ni iṣan líle: bí ti iwájú ẹsẹ̀ bá já, ẹṣin á máa kọsẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣeé tọ́jú, bí ti ẹ̀yìn bá já tí imú pátákò wá ń yọ sókè nígbà tó bá dúró, ọ̀rọ̀ ti di ńlá.

Tẹ́tánọ́ọ̀sì kò ní sùúrù fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ẹran ọ̀sìn, ẹṣin ni àìsàn náà ń mú jù. Inú ilẹ̀ àti inú ìgbẹ́ ẹṣin fúnra rẹ̀ ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta lẹ́yìn ìpalára, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gan, awọ funfun inú igun ojú á máa fò bo ẹyinjú, ẹnu ò ní ṣeé là mọ́. Abẹ́rẹ́ ni kí wọ́n gún kó tó débẹ̀, pàápàá fún ẹṣin tí wọ́n rà láìmọ̀ bóyá ó ti gba àjẹsára rí. Bí dókítà bá kọ pẹnisílínì tó funfun bíi wàrà, inú ẹran ara ni wọ́n ń gún un sí. Bó bá ṣèèṣì wọ iṣan ẹ̀jẹ̀, ẹṣin lè ṣubú lójú ẹsẹ̀.

Báńdéèjì ni iṣẹ́ ojoojúmọ́. Kì í ṣe aṣọ tí wọ́n kàn wé. Ohun tí kò ní lẹ̀ mọ́ ọgbẹ́ ló ń kọ́kọ́ lọ, gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi fasilíìnì pa. Òwú tó nípọn tẹ̀ lé e yíká ẹsẹ̀. Kí báńdéèjì tó ń rọ̀ tó wá bọ́ sórí rẹ̀, pẹ̀lú ìfàmọ́ra kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òwú náà ló ń pín agbára tí wọ́n fi fà á. Ẹni tó bá fi báńdéèjì lásán fún ẹsẹ̀ ẹṣin pinpin ti ń ṣe iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ léṣe, bẹ́ẹ̀ ìwòsàn ló ń wá. Níbẹ̀rẹ̀ tí omi ṣì ń jáde, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Nígbà tó bá yá, ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta síra. Èyí tó bá ti yọ̀ wálẹ̀, tó rin, tó ń rùn, tàbí tí ẹṣin ṣàdédé ń fi eyín já, títú ni. Láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹwàá tí òjò Àkúrẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ dá, ibùso gbígbẹ ju oògùn lọ. Ibi tí sọ́ọ̀mìlì pọ̀ tó èyí, kò yẹ kí ẹṣin dúró lórí ẹrẹ̀: kí wọ́n lọ kó awẹ́ pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn káfíńtà ń fá dànù, kì í ṣe ìyẹ̀fun pákó tó ń fò wọ ojú ọgbẹ́, kì í sì í ṣe ti pákó tí wọ́n ti kun loògùn kòkòrò.

Ní nǹkan bí ọjọ́ karùn-ún lọ, ẹran pupa á bẹ̀rẹ̀ sí í hù láti ìsàlẹ̀ ọgbẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ni, títí tí kò fi ní mọ̀gbà dúró. Ìṣòro tó jẹ́ ti ẹsẹ̀ ẹṣin gan-an rèé. Ẹran náà á hù kọjá ojú awọ, á rú jáde ní kókókókó, á máa ṣẹ̀jẹ̀ bí nǹkan bá ti fara kàn án. Awọ tuntun kò lè gun òkè. Etí ọgbẹ́ á dúró síbi tó wà, egbò á wá di ọlọ́dún. Ẹ̀gbin àti ìrìnkèrindò ló ń mú kó rú bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé èérún eegun tó ti kú ló wà nísàlẹ̀. Bí ojú kan bá ń tú ọyún lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí kò dáwọ́ dúró, ẹ̀rọ X-ray ló kàn. Dókítà lè fi ọ̀bẹ gé ẹran àlékún yìí lórí ìdúró, torí kò ní iṣan ìmọ̀lára, kì í dun ẹṣin. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló pọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gé e láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, kí ẹ̀jẹ̀ má baà bo ibi tí wọn ò tíì gé. Àwọn tó ń fi nǹkan ajẹnirun jó o nílé kò lè yà á sọ́tọ̀: ẹran àlékún jó, awọ tuntun etí rẹ̀ náà jó.

Eṣinṣin tún ní ti ẹ̀. Aran kan wà tó ń gbé inú ikùn ẹṣin, Habronema, tí ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde, tí eṣinṣin wá ń gbé ọmọ rẹ̀ wá sójú ọgbẹ́. Egbò náà á máa yún ẹṣin, hóró líle aláwọ̀ ìyeyè á wà nínú rẹ̀. Ìpara lásán kì í sábà dá a dúró, oògùn aran bíi ivermectin ló ń pa á. Kíkó ìgbẹ́ kúrò lójoojúmọ́ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fọkàn sí ni ẹsẹ̀ tó yè. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún 2006, Barbaro, ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba eré Kentucky Derby ní Amẹ́ríkà, ṣẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún níbi eré Preakness. Ilé ìwòsàn ẹran ti Yunifásítì Pennsylvania to eegun náà pọ̀, ó sì ń jinná. Pátákò ẹsẹ̀ òsì tó ń gbé gbogbo ẹrù ló bàjẹ́, lẹ́yìn ìyẹn ni ti iwájú náà dá sí i, ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní 2007 ni wọ́n sì pa á kó lè sinmi ìrora. Eegun inú pátákò, àwọn awọ tíntìntín ló gbé e rọ̀ mọ́ ògiri pátákò. Ìgbà tí ẹṣin bá ń gbé ẹsẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wọn dáadáa. Bó bá dúró gbọin lórí ẹsẹ̀ kan, ebi ẹ̀jẹ̀ á pa wọ́n, wọ́n á já, eegun á rì. Kò sì ṣeé sọ pé kí ẹṣin dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìwúwo ara rẹ̀ á máa tẹ ẹran ara àti ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń di báńdéèjì sí ẹsẹ̀ tó yè pẹ̀lú, tí wọ́n sì ń fọwọ́ kan pátákò méjèèjì láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí pátákò ẹsẹ̀ tó yè bá gbóná, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ sì ń lù kìkì lábẹ́ ìka, ẹ ké sí dókítà. Oògùn ìrora bíi phenylbutazone wúlò níbí torí ó ń jẹ́ kí ẹṣin fi ẹsẹ̀ tó ń dùn ún tẹlẹ̀ díẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù ń dá egbò síkùn rẹ̀, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Dókítà ló ń díwọ̀n rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ta oògùn lọ́jà.

Ẹṣin tó wà lórí ìsinmi kò nílò oúnjẹ ẹṣin tó ń ṣiṣẹ́. Kí wọ́n dín àgbàdo àti ọkà bàbà kù láti ọjọ́ kìíní, kí koríko pọ̀. Inú rírun ló ń pa ẹṣin tó wà lórí ìsinmi, torí ìfun rẹ̀ ń lọ́ra bí kò bá rìn, kò sì lè bì. Kíka ìgbẹ́ wá di iṣẹ́: ìgbà 8 sí 12 lójúmọ́ ló dáa, bó bá dín tàbí tó gbẹ, omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Ẹṣin kílò 300 nílò ó kéré tán lítà 15 omi lójúmọ́, ju bẹ́ẹ̀ lọ lásìkò ọyẹ́ àti oòrùn. Ara rẹ̀ kò yẹ kó gbóná ju 38.5°C lọ.

Bí ẹṣin bá dá ni, gígùn là á tún un gùn, ni wọ́n ń wí; òwe yẹn kò sọ̀rọ̀ ẹṣin tí ẹsẹ̀ ń dùn. Ìrìn ọwọ́, tí wọ́n á fi ìjánu fà á rìn láìgùn ún, ló kọ́kọ́ ń padà, ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lórí ilẹ̀ líle tó tẹ́jú, tí wọ́n á máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọjọ́ tó bá tiro ju ti àná lọ, wọ́n á padà sẹ́yìn. Àpá tó bá bò ó kì í nírun, awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó máa ń sán bí ọyẹ́ bá dé, nítorí náà kí wọ́n máa fi òrí pa á. Ìgbà tó bá lè yí po lápá ọ̀tún àti lápá òsì láìtiro ni gàárì lè padà sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹni tó máa kọ́kọ́ gùn ún má wúwo, kí wọ́n má sì tíì gbé e lọ síbi ìlù àti ìbọn.