Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà ní Abẹ́òkúta

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà ni wọ́n ń pe àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lára, tó ní òpó àti fèrèsé pákó tí orí ẹ̀ tẹ̀ bí òṣùmàrè, páànù orí wọn ti pọ́n fún ìpẹtà báyìí. Wọ́n ṣì wà ní Aké àti àwọn àdúgbò tó yí i ká.

1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ Abẹ́òkúta dó. Sàró, ìyẹn àwọn tó ti Sierra Leone dé, ló pọ̀ jù nínú àwọn tí òwò ẹrú kó lọ tó padà wálé síbẹ̀, torí Èkó ni ọ̀pọ̀ Àgùdà tó ti Bràsíl dé jókòó sí. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí l'Ékòó lọ́dún 1894, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ wọn ò dúró l'Ékòó. Nígbà tí rélùwéè Èkó gba Abẹ́òkúta kọjá, tó sì dé Ìbàdàn ní 1901, ó jọ pé ìyẹn náà mú kí sìmẹ́ńtì àti páànù tètè dọ́wọ́ àwọn bíríkìlà.

Amọ̀ lásán ni ògiri ẹ̀. Wọ́n á pò ó, wọ́n á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, wọ́n á mọ ipele kan, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gbé òmíì lé e, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n á wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, tí wọ́n á ya òdòdó tàbí kìnnìún sí i, nígbà míì wọ́n á kọ ọdún tí wọ́n parí ẹ̀ síwájú. Iwájú yìí làwọn èèyàn ń wò tí wọ́n fi ń pè é nílé Bràsíl, inú ẹ̀ gan-an ló yẹ kéèyàn wò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan gba àárín kọjá látẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé, yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, bí yàrá agbo ilé ṣe máa ń kọjú sí àgbàlá gẹ́lẹ́, àfi pé wọ́n ti bo àgbàlá náà lórí. Ibẹ̀ làwọn àgbà ń jókòó parí ìjà, ibẹ̀ náà lọmọdé ń tẹ́ ẹní sí lálẹ́.

Omi lọ̀tá ẹ̀. Tí páànù bá ti jò, amọ̀ á máa yọ́ lábẹ́ sìmẹ́ńtì, ìta ò ní fi hàn títí ògiri á fi wó. Nítorí pé ilé ẹbí ni púpọ̀ wọn, ẹnì kan kì í dá a tún ṣe, sàréè ẹni tó kọ́ ọ sì lè wà nínú ilé, ìdí nìyẹn tí títà ẹ̀ fi máa ń dìjà.