Oògùn kì í lé àrùn gba awọ ara jáde

"Ẹ jẹ́ kó sú dáadáa, oògùn ló ń lé àrùn síta." Láti Mushin dé Ìsàlẹ̀ Èkó, ohun tí wọ́n máa ń sọ nìyẹn bí ara ẹni tó ń lo Septrin, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, bá ṣàdédé sú. Irọ́ ni. Ara ló ń kọ oògùn náà, béèyàn bá sì tẹra mọ́ ọn, ó lè pa á. Yíyún tí chloroquine, oògùn ibà, máa ń fà ló tàn wá jẹ: torí pé ìyẹn máa ń lọ fúnra rẹ̀, a rò pé gbogbo rẹ̀ ló máa lọ.

Èyí tí a ń wí yìí, Stevens-Johnson syndrome ni àwọn dókítà ń pè é. Kò wọ́pọ̀. Ọjọ́ 4 sí 28 lẹ́yìn tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ oògùn ló sábà máa ń yọjú, nígbà tí aláìsàn ti ń ní oògùn náà kò ṣe òun ní nǹkan kan. Ara á kọ́kọ́ gbóná, ọ̀fun á máa dùn ún, ojú á máa ta á, fún bí ọjọ́ 1 sí 3 kí ara tó sú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ṣìnà: wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á lọ ra Fansidar ní kẹ́míìsì, bẹ́ẹ̀ èròjà oògùn tí wọ́n ń pè ní sulfa wà nínú Septrin, ó wà nínú Fansidar. Tegretol táwọn oníwárápá ń lò, nevirapine tí wọ́n fi ń tọ́jú HIV àti allopurinol tí wọ́n fi ń tọ́jú gout (àrùn oríkèé) náà lè fà á.

Èyí tó kàn ń yún kò le tó èyí tó ń dunni. Ẹ wo ẹnu rẹ̀: ṣé ètè ń bó, ṣé egbò kún inú ẹnu débi pé itọ́ kò ṣeé gbé mì? Ṣé ojú pọ́n, ṣé ìtọ̀ ń ta á? Lára dúdú, àmì náà lè dúdú dípò kó pọ́n, kó tó lé ròrò. Bí ẹ bá rọra fọwọ́ nù ún tí awọ ń ṣí, bí ẹni tí omi gbígbóná bó, ẹ má dúró dọ̀la.

Ẹ dá oògùn náà dúró. Ti oníwárápá gba ìṣọ́ra o: tó bá dá Tegretol dúró tó sì jókòó sílé, gìrì lè padà, nítorí náà ọjọ́ yẹn gan-an ni kí dókítà fi òmíràn rọ́pò. Ẹ má fọ́ ròrò náà, ẹ má fi òrí, àdí tàbí àgbo kàn án. Ẹ fi aṣọ mímọ́ gbígbẹ bò ó, ẹ kó gbogbo páálí oògùn dání, ẹ kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kẹ́ ẹ gba ilé ìwòsàn ńlá lọ, LUTH ní Ìdí-Àràbà tàbí LASUTH ní Ìkẹjà. Omi ara tó ń ṣòfò àti kòkòrò tó ń gba ojú egbò wọlé ló ń pani, ojú sì lè fọ́ bí dókítà ojú kò bá tètè rí i.

Bó bá yè é, kí wọ́n kọ orúkọ oògùn náà sí káàdì rẹ̀. Tó bá jẹ́ sulfa ni, kó máa sọ ọ́ ní Ìdúmọ̀tà kó tó ra oògùn ibà, torí orúkọ ara páálí lè yàtọ̀, bíi Amalar, tí sulfa wà nínú rẹ̀ bíi ti Fansidar. Aboyún ni kó tètè sọ ọ́ jù, nítorí irú oògùn yẹn gan-an ni wọ́n ń fún wọn ní ilé ìgbẹ̀bí kí ibà má bàa mú wọn.