Ẹrẹ̀ Abẹ́ Yìnyín: Bí Adágún Ìpẹ̀kun Ayé Ṣe Ń Sọ Ìtàn Ojú Ọjọ́ Àtijọ́

Ní Ahanve, lágbègbè Àgbádárìgì, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ti gbẹ́ ẹrẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ìpele-ìpele. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adebisi Sowunmi ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ka lẹ́búlẹ́bú òdòdó tó wà nínú rẹ̀. Ohun tí wọ́n rí ni pé igi ẹ̀gbà, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní máńgíróòfù, ló kún ibẹ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kó tó di pé ó pòórá ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Kò sí àgbà Ògù tàbí Àwórì tó lè pa irú ìtàn yẹn, nítorí kò sẹ́ni tó pa á fún wọn. Ẹrẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀.

Ọgbọ́n kan náà ni wọ́n ń lò ní ìpẹ̀kun ayé méjèèjì, ní Arctic tó wà níhà àríwá àti Antarctica tó wà níhà gúúsù. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kan ọmọ Àgbádárìgì gbọ̀ngbọ̀n, torí pé yìnyín tó wà lọ́hùn-ún wà lára ohun tó ń pinnu ibi tí òkun máa dúró sí níwájú ilé wa. Bí a bá fẹ́ mọ iye yìnyín tó lè yọ́ bí ayé ṣe ń gbóná yìí, àfi ká mọ iye tó yọ́ nígbà tí ayé gbóná bẹ́ẹ̀ rí. Àkọsílẹ̀ ọwọ́ ènìyàn kò sì jìn tó. Ibùdó tí wọ́n ti ń wọn ojú ọjọ́ ní Alert, lókè téńté Kánádà, ọdún 1950 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà kò le. Ohun tó bá bọ́ sínú omi tó dákẹ́ yóò rì. Èyí tó kọ́kọ́ rì á wà nísàlẹ̀ pátápátá, tọdún yìí á wà lókè. Wàhálà ibẹ̀ ni pé omi tó dákẹ́ kò wọ́pọ̀. Ẹ wo ọ̀sà Àgbádárìgì: odò Yewa ń da omi sínú rẹ̀, ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ń kọjá, àwọn tó ń wa yanrìn ń fi ẹ̀rọ fa ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè, akàn àti ekòló sì ń gbẹ́ ihò káàkiri. Ní irú ibẹ̀, ẹrẹ̀ ọdún yìí àti ti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn á ti dàpọ̀.

Ní Arctic, yìnyín lè bo ojú adágún fún oṣù mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nínú ọdún. Ìjì kò lè ru omi náà, ẹranko tó ń gbẹ́ ihò nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣọ̀wọ́n. Nígbà ooru wọn, tó kúrú gan-an, òjò dídì á yọ́, omi rẹ̀ á gbá yanrìn àti ẹrẹ̀ wọnú adágún. Yanrìn á yára rì. Amọ̀ tó kúnná jù á máa léfòó kiri títí òtútù á fi padà dé, tí yìnyín á tún bo omi. Ìgbà tí ohunkóhun kò bá mì mọ́ ni amọ̀ náà á tó rọra balẹ̀. Bí ọdún kan ṣe ń fi àmì sílẹ̀ nìyẹn: ìlà kan tí yanrìn rẹ̀ hàn, àti ìlà amọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ lórí rẹ̀. Méjèèjì pa pọ̀ lè má ju mìlímítà kan lọ. Varve ni àwọn onímọ̀ ń pè é.

Gerard De Geer, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Sweden, ni wọ́n kà sí aṣáájú nínú fífi irú ìlà bẹ́ẹ̀ ka ọdún. Ibi tí adágún àtijọ́ ti gbẹ ló ti ń ka ìlà amọ̀, tó ń so ti ibì kan mọ́ ti ibòmíràn. Nígbà tó di ọdún 1910, níbi àpérò àgbáyé àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ ní Stockholm, ó fi han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé a lè ka ọdún lọ sẹ́yìn tó nǹkan bí 12,000. Kò tíì sí kábọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fi díwọ̀n ọjọ́ orí nǹkan nígbà yẹn o. Ojú àti sùúrù ni gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo adágún ló ní ìlà ọdọọdún, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ni ìtàn wọn jìn. Yìnyín tó ń dáàbò bo ẹrẹ̀ náà ló tún lè bà á jẹ́. Nígbà òtútù ńlá tó parí ní nǹkan bí 11,700 ọdún sẹ́yìn, yìnyín tó nípọn ju kìlómítà kan lọ bo ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Kánádà àti àríwá Yúróòpù. Bó ṣe ń wọ́ lọ ló ń ha ìsàlẹ̀ adágún kúrò. Ìdí nìyí tí ìtàn inú ọ̀pọ̀ adágún ibẹ̀ kò fi ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́wàá lọ. Àwọn díẹ̀ yè é. Ní erékùṣù Baffin, yìnyín tó wà lórí adágún kan dì mọ́ ilẹ̀ gbọnin, kò fi bẹ́ẹ̀ sún, ẹrẹ̀ tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ṣẹ́kù.

Èyí tó ga jù nínú gbogbo wọn ni El'gygytgyn, ní Chukotka, níparí Rọ́ṣíà lápá àríwá ìlà oòrùn. Òkúta ńlá kan já láti ojú ọ̀run ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.6 ọdún sẹ́yìn, ó dá kòtò síbẹ̀, omi sì kún un. Adágún náà fẹ̀ tó kìlómítà 12, ó jìn tó mítà 170. Yìnyín ńlá kò bo ibẹ̀ rí, nítorí náà ẹrẹ̀ ń rì síbẹ̀ láìdáwọ́ dúró.

Ìgbà tí yìnyín bá nípọn tó láti gbé ènìyàn àti ẹ̀rọ ni wọ́n máa ń lọ gbẹ́ ẹrẹ̀. Fún adágún kékeré, ènìyàn mẹ́ta sí mẹ́rin tó o ṣe. Wọ́n á lu ihò sínú yìnyín, wọ́n á fi okùn wọn bí omi ṣe jìn tó, wọ́n á sì sọ páìpù kan tí wọ́n so ìwúwo mọ́ kalẹ̀. Ìwúwo yẹn ló máa tì í wọnú ẹrẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó wọlé jìn, wọ́n á lo páìpù tó ní písítìnì nínú. Písítìnì á dúró lójú kan lórí ẹrẹ̀ bí páìpù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹrẹ̀ yọ̀ bọ́ nígbà tí wọ́n bá ń fà á sókè. Òkè ẹrẹ̀ náà ló gbẹgẹ́ jù, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ọwọ́ ẹni tó gbé páìpù bá yẹ̀ báyìí, ọgọ́rùn-ún ọdún tó gbẹ̀yìn á dàrú, bẹ́ẹ̀ ìyẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ fi wé àkọsílẹ̀ òde òní.

Ti El'gygytgyn kọjá ohun tí okùn lè ṣe. Àwọn ará Rọ́ṣíà, Jámánì, Amẹ́ríkà àti Austria pawọ́ pọ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbẹ́lẹ̀ ńlá sórí yìnyín adágún náà ní ọdún 2009. Ẹrẹ̀ tó tó mítà 318 ni wọ́n là kọjá kí wọ́n tó kan àpáta tí òkúta ojú ọ̀run náà fọ́.

Ní yàrá ìwádìí, wọ́n á la ẹrẹ̀ inú páìpù lóròó bí ẹni la ìrèké. Wọ́n á yà á ní fọ́tò kíá kí afẹ́fẹ́ tó yí àwọ̀ rẹ̀ padà, wọ́n á fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò láti òkè dé ìsàlẹ̀ láti mọ àwọn èròjà tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n tó wá gé e wẹ́wẹ́. Wọ́n á gbé díẹ̀ sínú iná tó gbóná tó 550°C. Ohun tó bá fi fúyẹ́ sí i lẹ́yìn iná ni wọ́n fi ń mọ bí ewéko àti ẹran omi tó kú sínú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó.

Àwọn ẹlẹ́rìí inú ẹrẹ̀ náà pọ̀. Dáyátọ̀mù jẹ́ ewédò tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, èèpo ara rẹ̀ sì jẹ́ gíláàsì tó lè wà títí. Oríṣi tó ń gbé inú omi tí yìnyín bò pẹ́ yàtọ̀ sí oríṣi tó ń jẹ gbádùn omi tó là gbayawu. Ti kòkòrò kan tó jọ ẹ̀fọn, ṣùgbọ́n tí kì í jẹni, ló tún yani lẹ́nu jù. Ìdin rẹ̀ ń gbé inú ẹrẹ̀, ó sì máa ń bọ́ awọ orí rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń dàgbà. Awọ náà le, kì í tètè jẹrà. Ẹni tó ń fi awò wò ó á rí eyín ẹnu rẹ̀ tó tò rẹ́gírẹ́gí, títò yẹn ló sì fi ń mọ oríṣi kan yàtọ̀ sí òmíràn. Àwọn olùwádìí ti kó ẹrẹ̀ òkè láti ọ̀pọ̀lọpọ̀ adágún tí wọ́n mọ bí ooru wọn ṣe tó, wọ́n sì kọ kòkòrò tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Bí wọ́n bá wá rí àkójọ orí kan náà nínú ẹrẹ̀ 8,000 ọdún sẹ́yìn, wọ́n á mọ bí ìgbà ooru ayé ìgbà náà ṣe rí. Àṣìṣe dígírì kan tàbí méjì lè wà níbẹ̀, nítorí náà wọn kì í gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo. Wọ́n á bi lẹ́búlẹ́bú òdòdó, wọ́n á bi ọ̀rá tó ń dán lára ewé, wọ́n á wò ó bóyá ọ̀rọ̀ wọn bára mu.

Ní El'gygytgyn, ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Láàárín mílíọ̀nù 3.6 sí 3.4 ọdún sẹ́yìn, ìgbà ooru ibẹ̀ gbóná ju tòní lọ ní nǹkan bíi dígírì 8. Igbó ńlá ló wà níbi tó jẹ́ pé koríko kúkúrú àti ewé ilẹ̀ nìkan ló ń hù báyìí. Èéfín kábọ́ọ̀nù inú afẹ́fẹ́ ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ayé wa yìí lọ, ó sì yẹ kí ìyẹn máa ká ẹnikẹ́ni tó ń gbé etí omi lára.

Síbẹ̀, ibi tí gbogbo iṣẹ́ yìí ti lè wó ni iye ọdún. Ẹni tó mọ̀ pé ìgbà kan gbóná, tí kò mọ ìgbà wo, kò tíì rí nǹkan kan sọ. Fún ẹrẹ̀ òkè, òjé 210 ni wọ́n ń lò, ìyẹn irú òjé kan tó máa ń tú ká fúnra rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wá, òjò àti òjò dídì á gbé e sọ̀ kalẹ̀, ìdajì rẹ̀ á sì ti lọ láàárín ọdún 22. Bó ṣe kù sí nínú ìpele kan ni wọ́n fi ń ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti lé ní nǹkan bí 150 ọdún, kò sí ohun tó ṣẹ́kù láti wọ̀n. Àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì tí wọ́n ń dán wò láyé ijọ́un náà fi àmì sílẹ̀: cesium 137, èròjà kan tí irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ ń tú sínú afẹ́fẹ́, pọ̀ jù nínú ẹrẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1963, kí àdéhùn tó dín dídán wọn wò nínú afẹ́fẹ́ kù.

Fún ohun tó pẹ́ ju ìyẹn, kábọ́ọ̀nù 14 ni, èyí tó wà lára ohun tó bá wà láàyè, tó sì ń dín kù lẹ́yìn tó bá kú. Ọdún 5,730 ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ, ó sì lè mú ni dé nǹkan bí 50,000 ọdún sẹ́yìn. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ ní ilẹ̀ òtútù. Ewé tó kú ní ẹgbẹ̀rún ọdún márùn-ún sẹ́yìn lè wà nínú ilẹ̀ dídì láìjẹrà, kó tó di pé ilẹ̀ yọ́, tí omi gbá a wọnú adágún lánàá. Ẹni tó bá kàn bu ẹrẹ̀ lódindi wọn á pe ẹrẹ̀ àná ní arúgbó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń jókòó ti awò fún wákàtí pípẹ́, tí wọ́n ń fi ẹ̀mú ṣa ewé wínníwínní kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣì pé, tó fi hàn pé kò rìnrìn àjò jìnnà. Ní Antarctica, níbi tí yìnyín bo àwọn adágún kan títí ayé, omi fúnra rẹ̀ kì í rí afẹ́fẹ́ tuntun fà, ọjọ́ orí tí kábọ́ọ̀nù ń sọ níbẹ̀ sì lè ju òótọ́ lọ fíìfíì.

Eérú òkè ayọnáyèéfín ló ń bá wọn tún èyí ṣe. Bí òkè kan bá bú ní Iceland, afẹ́fẹ́ á gbé eérú rẹ̀ dé adágún tó jìnnà, èròjà inú eérú òkè kan kì í sì í bá ti òmíràn dọ́gba. Ní El'gygytgyn, níbi tí kábọ́ọ̀nù kò lè débì kankan, agbára òòfà ayé ni wọ́n fi ka ọdún. Ó ti yí padà ní ọ̀pọ̀ ìgbà rí, tí àríwá rẹ̀ di gúúsù. Èyí tó gbẹ̀yìn ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí 780,000 ọdún sẹ́yìn, àmì rẹ̀ sì wà nínú àwọn egunrín onírin tó rì sínú ẹrẹ̀.

Adágún wà lábẹ́ yìnyín Antarctica pàápàá. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013, àwọn ará Amẹ́ríkà fi omi gbígbóná la yìnyín tó nípọn tó mítà 800 kọjá, wọ́n sì dé adágún Whillans. Ní òpin ọdún 2018, wọ́n dé adágún Mercer, lábẹ́ yìnyín tó lé ní mítà 1,000. Ẹrẹ̀ Mercer jẹ́rìí pé omi òkun dé abẹ́ ibẹ̀ ní nǹkan bí 6,000 ọdún sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé yìnyín náà ti fà sẹ́yìn rí, kó tó padà bo ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń wá láti inú gbogbo èyí ni ìbáṣepọ̀ tó wà láàárín ooru àti omi. Nǹkan bí 125,000 ọdún sẹ́yìn, ẹrẹ̀ adágún fi hàn pé Arctic gbóná ju tòní lọ. Iyùn etíkun àtijọ́ sì fi hàn pé òkun ìgbà náà ga ju ti ìsinsìnyí lọ ní mítà 6 sí 9. Irú ìgasókè bẹ́ẹ̀ ń gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, ṣùgbọ́n kò dìgbà tó bá di mítà mẹ́fà kó tó kan Àgbádárìgì. Òkun wà lọ́tùn-ún, ọ̀sà wà lósì, ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ tí Gberefu wà lórí rẹ̀ ló là wọ́n láàárín.

Àwọn orísun ìtàn yìí fúnra wọn ti ń bàjẹ́. Ní Cape Herschel, ní erékùṣù Ellesmere ní Kánádà, Marianne Douglas àti John Smol ti fi dáyátọ̀mù fi hàn ní ọdún 1994 pé àwọn adágún kéékèèké ibẹ̀ wà bákan náà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, kó tó di pé nǹkan yí padà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Nígbà tó fi máa di ìgbà ooru ọdún 2006, díẹ̀ nínú wọn ti gbẹ táútáú. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi lo gbogbo ẹrẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́. Bí wọ́n bá ti là á sí méjì, ìdajì kan á lọ sí orí tábìlì, wọ́n á fi ọ̀rá wé ìdajì kejì, wọ́n á kọ orúkọ adágún, ọjọ́ àti bó ṣe jìn sí i lára, wọ́n á sì gbé e sínú yàrá tútù tó wà ní nǹkan bíi 4°C, fún ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bi í.