Àyẹ̀wò DNA nínú ìtọpasẹ̀ ìran àwọn ará Írẹ́lándì àti Skọ́tlándì

Àyẹ̀wò DNA fún ìtọpasẹ̀ ìran jẹ́ ọ̀nà tí ènìyàn ń gbà fi itọ́, tàbí ohun tí wọ́n fi òwú nù láti inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, wá àwọn tí wọ́n bá a tan kiri, kí ó sì mọ ibi tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọ̀nà yìí ti gbilẹ̀ gan-an láàárín àwọn tí ìran wọn ti Írẹ́lándì àti Skọ́tlándì wá, pàápàá àwọn tí ilé wọn ti di Amẹ́ríkà, Kánádà, Ọsirélíà àti New Zealand. Ìyàn Ńlá tó jà ní Írẹ́lándì láti 1845 sí 1852, nígbà tí àrùn ba pòtétò jẹ́ lóko, pa nǹkan bí mílíọ̀nù kan ènìyàn, ó sì lé àwọn tó ju mílíọ̀nù kan lọ sókè òkun. Ní apá òkè Skọ́tlándì, àwọn onílẹ̀ lé àwọn àgbẹ̀ kúrò lórí ilẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi sin àgùntàn, láti nǹkan bí 1750 títí di nǹkan bí 1860. Ọ̀pọ̀ àwọn tó wọ ọkọ̀ lọ kò mọ̀ọ́kọ, mọ̀ọ́kà. Orúkọ ìdílé ni wọ́n gbé dání, orúkọ náà nìkan ló sì kù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ ọmọ wọn.

Ìwé tó jóná

Ní 30 Oṣù Kẹfà 1922, nígbà tí ogun abẹ́lé Írẹ́lándì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ilé ìkówèésí ìjọba tó wà ní Four Courts ní Dublin bú gbàmù, ó sì jóná. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé ìkànìyàn 1821, 1831, 1841 àti 1851 bá a lọ, pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìwé ìhágún àti ìwé ìrìbọmi ìjọ Áńgílíkà ibẹ̀. Iná nìkan kọ́ ló ṣe é o. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti kọ́kọ́ run ti 1861 àti 1871, wọ́n sì lọ ti 1881 àti 1891 di ẹ̀kọ fún ṣíṣe bébà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ìdí nìyí tí ìkànìyàn 1901 fi jẹ́ àkọ́kọ́ tí a lè rí lódindi fún gbogbo erékùṣù náà.

Kí ó tó di 1864, kò sí ìforúkọsílẹ̀ ìbí fún gbogbo ènìyàn ní Írẹ́lándì. Ìwé ìjọ Àgùdà bọ́ lọ́wọ́ iná nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn àlùfáà ló wà, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìletò ìhà ìwọ̀ oòrùn kò dé ẹ̀yìn 1820. Ohun tí àwọn olùwádìí ń dì mú ni Griffith's Valuation, ìwé ìdíyelé ilẹ̀ tí wọ́n ṣe láti 1847 sí 1864, èyí tí kò kọ orúkọ ẹlòmíràn ju ti ẹni tó ni ilé tàbí ẹni tó yá ilẹ̀ lọ. Ìyàwó kò sí níbẹ̀, ọmọ kò sí níbẹ̀.

Ti Skọ́tlándì sàn púpọ̀. Ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 1855, ìwé ikú sì ń sọ orúkọ bàbá àti ti ìyá òkú, tòun ti orúkọ tí ìyá náà ń jẹ́ kí ó tó wọlé ọkọ. Ìwé ìjọ tó pẹ́ jù wá láti 1553, ìkànìyàn 1841 síwájú sì wà lórí ìkànnì ScotlandsPeople. Nítorí náà, iṣẹ́ tí DNA ń ṣe ní ibi méjèèjì yàtọ̀. Ní Skọ́tlándì, ìwé ló ń sọ̀rọ̀, DNA ń jẹ́rìí sí i. Ní Írẹ́lándì, ìgbà púpọ̀ ni DNA ń sọ̀rọ̀ níbi tí ìwé ti dákẹ́.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Àpótí kékeré ni ilé-iṣẹ́ máa ń fi ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti AncestryDNA tàbí 23andMe, itọ́ ni wọ́n ń tu sínú ìgò róbótó títí yóò fi dé ojú ìlà. Ti FamilyTreeDNA àti MyHeritage jẹ́ igi olówùú tí wọ́n ń fi nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹni tó fẹ́ tu itọ́ kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ mumi, kò sì gbọdọ̀ jẹ ṣingọ́ọ̀mù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Àwọn tó ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún mọ̀ pé itọ́ tó yẹ kó kún ìgò náà kì í tètè jáde. Igi olówùú rọ àgbàlagbà lọ́rùn jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èsì yóò wọlé sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Oríṣi mẹ́ta ni àyẹ̀wò náà. Èyí tí ènìyàn ń ṣe jù ń wo gbogbo krómósómù, àwọn okùn tín-ín-rín inú ara tí DNA wà lára wọn, tí a gbà ní ìdajì lọ́dọ̀ bàbá àti ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Ẹ̀rọ náà ń ka nǹkan bí 700,000 ojú ibi lára DNA, ó sì ń fi wéra pẹ̀lú ti gbogbo ẹni tó ti ṣe é rí. Ìkejì jẹ́ ti krómósómù Y, tó ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ ọmọkùnrin. Ìkẹta jẹ́ ti ìlà ìyá, tí ìyá ń fún tọkùnrin tobìnrin ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé obìnrin nìkan ló lè fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ó ń yí padà díẹ̀díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni méjì lè bára mu pátápátá kí ìyá ńlá tí wọ́n jọ ní sì ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Kì í sábà wúlò fún wíwá ìdílé.

Ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n DNA tí ẹni méjì jọ ní ni sẹntimọ́gánì, tí wọ́n ń kọ ní cM. Ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò máa ń jọ ní nǹkan bí 866 cM. Àwọn tí bàbá tàbí ìyá àwọn òbí àgbà wọn jẹ́ ọ̀kan náà máa ń jọ ní nǹkan bí 229. Bí a bá tún sún sẹ́yìn ní ìran kan, ó di 73, lẹ́yìn náà 35. Níbi 73 yẹn, ẹni kan nínú mẹ́wàá kì í tilẹ̀ bára mu rárá. Níbi 35, ó tó ìdajì wọn. Bí orúkọ ẹnì kan kò bá hàn nínú èsì, ìyẹn kò sọ pé kì í ṣe ẹbí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ wò ó. Ká ní obìnrin kan wà ní Boston tí baba ńlá rẹ̀ ń jẹ́ Patrick Murphy, ó sì kúrò ní agbègbè Cork nígbà ìyàn. Murphy ni orúkọ ìdílé tó pọ̀ jù ní Írẹ́lándì. Àṣà ibẹ̀ sì ni pé kí àkọ́bí ọkùnrin jẹ́ orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, kí èkejì jẹ́ orúkọ bàbá ìyá rẹ̀. Nítorí náà ọmọ ẹ̀gbọ́n, ọmọ àbúrò àti ọmọ àbúrò bàbá lè jẹ́ Patrick Murphy ní abà kan náà. Ìwé ọkọ̀ òkun kọ "Írẹ́lándì" lásán, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ náà pín sí abà tó lé ní 60,000, tí olúkúlùkù ní orúkọ tirẹ̀. Bí Patrick bá jẹ́ bàbá bàbá bàbá bàbá obìnrin yìí, àwọn ọmọ ìran àbúrò rẹ̀ tó dúró sí Cork wà ní ibi 35 cM, níbi tí ìdajì ti ń sọnù. Ohun tí ọlọ́gbọ́n ń ṣe ni pé kí ó gba itọ́ bàbá rẹ̀, tàbí ti àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó dàgbà jù, nítorí ìran kan péré tí a bá fi sún mọ́ Patrick ń sọ DNA rẹ̀ tó kù di ìlọ́po méjì. Bí àgbàlagbà náà bá wá bá ẹni mẹ́ta mu, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bára wọn mu, tí gbogbo wọn sì ní ìyá àgbà kan láti abà kan náà, ìgbà yẹn ni a ó tó ṣí Griffith's Valuation sí ojú ìwé abà yẹn.

Ní àwọn erékùṣù Hebrides ní Skọ́tlándì àti etíkun ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì, níbi tí àwọn ará ìletò ti ń fẹ́ ara wọn láti ìran dé ìran, cM máa ń ga ju bí ìbátan ṣe sún mọ́ra lọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa wá òbí àgbà tí kò sí.

Orúkọ ìdílé àti krómósómù Y

Nínú èdè Gaelic, èdè ìbílẹ̀ Írẹ́lándì àti òkè Skọ́tlándì, Mac ni ọmọkùnrin, Ó sì ni ọmọ ọmọ. O'Neill ni ọmọ ọmọ Niall, ìyẹn Niall Glúndub, ọba tó kú lójú ogun pẹ̀lú àwọn Viking, jagunjagun orí omi láti ìhà Nọ́rwè, nítòsí Dublin ní 919. Níwọ̀n bí orúkọ àti krómósómù Y ti jọ ń gba ọwọ́ bàbá, ó yẹ kí àwọn tó ń jẹ́ orúkọ kan ní Y kan náà. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí.

Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Trinity College Dublin rí i pé nǹkan bí ẹni kan nínú márùn-ún nínú àwọn ọkùnrin àríwá ìwọ̀ oòrùn Írẹ́lándì ní irú Y kan tí a mọ̀ lónìí sí M222. Wọ́n so ó mọ́ ìdílé ọba Uí Néill, tí àwọn ènìyàn gbà pé Niall Onígbèkùn Mẹ́sàn-án ni baba ńlá wọn. Ìwé ìròyìn gbé e, àwọn tó ní M222 bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara wọn ní ọmọ ọba. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé M222 ti wà kí wọ́n tó bí Niall, ó sì pọ̀ ní Skọ́tlándì láàárín àwọn tí kò bá Uí Néill tan. Ọmọ ọba lè ní i. Ẹni tó ní i lè máà jẹ́ ọmọ ọba.

Ti ìdílé MacDonald gbádùn mọ́ni jù. Somerled, jagunjagun tó kú ní 1164 nítòsí Renfrew, ni baba ńlá àwọn MacDonald, MacDougall àti MacAlister. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àti ìwé ìran sọ pé ọmọ ọba Írẹ́lándì ni lọ́wọ́ bàbá. Nígbà tí Bryan Sykes, onímọ̀ DNA ní Oxford, yẹ DNA àwọn tó ń jẹ́ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò, tí ó sì fi ti àwọn olóyè ìdílé náà kún un, ohun tó rí ni ẹ̀ka Y kan tí wọ́n ń pè ní R1a, èyí tó wọ́pọ̀ ní Nọ́rwè tí kò sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn Gaelic. Baba àwọn baba Somerled dà bí Viking. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn MacDonald kò ní R1a yìí, kò sì sí àléébù níbẹ̀: ní òkè Skọ́tlándì, ẹni tó bá ń gbé lórí ilẹ̀ olóyè máa ń gba orúkọ olóyè.

MacGregor ni òdì kejì rẹ̀. Ní 1603, ọba James Kẹfà fòfin de orúkọ yìí: ẹni tó bá ń jẹ́ ẹ yóò kú. Àwọn MacGregor di Grant, Murray, Drummond, Campbell. Wọ́n gbé òfin náà kúrò ní 1661, wọ́n dá a padà ní 1693, ó di 1774 kí wọ́n tó fagi lé e pátápátá. Rob Roy MacGregor tí gbogbo ayé mọ̀ ti jẹ́ Campbell, orúkọ ìdílé ìyá rẹ̀, láàárín ìgbà náà. Bí Grant kan lónìí bá ṣe àyẹ̀wò Y tí ó sì bá àwọn MacGregor mu, kò ní láti fura sí ìyá àgbà rẹ̀.

Orúkọ Campbell kan náà pọ̀ gidigidi ní Jàmáíkà, nítorí àwọn ará Skọ́tlándì tó ní oko ìrèké àti ẹrú níbẹ̀. Ẹ̀ka kan nínú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa: Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Skọ́tlándì, wà pẹ̀lú Martin Delany, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ní Abẹ́òkúta ní 1859, ó sì padà wá tẹ̀dó sí Èkó, níbi tí ó ti dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀ ní 1863. Láàárín àwọn ọmọ ẹrú, orúkọ nìkan kì í ṣe ẹ̀rí, torí pé orúkọ olówó ẹni ni wọ́n sábà ń fún ènìyàn. Y ló lè sọ bóyá orúkọ Skọ́tlándì náà bá ẹ̀jẹ̀ wá tàbí ìwé tí wọ́n fi rà wọ́n.

Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún

Ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń polówó ni pé èsì yóò sọ ìdá tí ènìyàn fi jẹ́ ará Írẹ́lándì àti ìdá tí ó fi jẹ́ ará Skọ́tlándì. Òun gan-an ló yẹ ká gbára lé kéré jù. Kì í ṣe egungun àwọn ará àtijọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìfiwéra, bí kò ṣe DNA àwọn tó wà láàyè lónìí tí ìran wọn kò kúrò lójú kan. Bí ilé-iṣẹ́ bá fi ènìyàn kún àwọn wọ̀nyí, ìdá náà yóò yí padà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún itọ́ tu. Òkun tó wà láàárín Antrim ní Írẹ́lándì àti Kintyre ní Skọ́tlándì kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà lọ. Ìjọba Dál Riata ti wà ní ẹ̀bá òkun méjèèjì, àwọn ọmọ ogun ọ̀yá láti Skọ́tlándì ti ń jà ní Írẹ́lándì láti ọ̀rúndún kẹtàlá, láti 1609 sì ni ìjọba ti ń kó àwọn ará Skọ́tlándì lọ tẹ̀dó sí Ulster, apá àríwá Írẹ́lándì. Ìyàn wá lé àwọn ará Írẹ́lándì padà sí Glasgow.

Ohun tó dára jù nínú iṣẹ́ yìí wá láti Irish DNA Atlas, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017. Ẹni 194 ni wọ́n yẹ̀ wò, gbogbo wọn ló ní òbí àwọn òbí àgbà mẹ́jọ tí wọ́n bí láàárín ibi tí kò ju 50 kìlómítà síra lọ. Ẹgbẹ́ mẹ́wàá jáde: méje jẹ́ ti Gaelic, wọ́n sì bá ààlà àwọn ìpínlẹ̀ ọba àtijọ́ mu dáadáa, mẹ́ta jẹ́ àdàlú pẹ̀lú Brítéènì, Ulster ni púpọ̀ wọn wà.

Àṣírí

Ẹni tó bá tu itọ́ ti tu ti ẹbí rẹ̀ pẹ̀lú. Ní 2018, àwọn ọlọ́pàá California gba orí GEDmatch, ibi tí àwọn onítọpasẹ̀ ìran ń kó èsì wọn sí, mú apààyàn tí wọ́n ti ń wá fún ọ̀pọ̀ ọdún; àwọn ìbátan rẹ̀ tó jìnnà ló wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kò sí. Ní 2023, àwọn jàǹdùkú orí íntánẹ́ẹ̀tì jí ìsọfúnni nǹkan bí mílíọ̀nù 6.9 oníbàárà 23andMe, ilé-iṣẹ́ náà sì lọ sílé ẹjọ́ ní Oṣù Kẹta 2025 láti wá ààbò lọ́wọ́ àwọn tó jẹ ní gbèsè.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tó le jù ní Írẹ́lándì ni ti àwọn ọmọ tí àwọn obìnrin tí kò lọ́kọ bí sínú ilé àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn. Ó lé ní 2,000 nínú wọn tí wọ́n kó lọ fún àwọn alágbàtọ́ ní Amẹ́ríkà láti ìparí àwọn ọdún 1940 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Òfin tó fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti rí ìwé ìbí wọn kò dé títí di 2022. Kí ó tó dé, DNA ni ọ̀pọ̀ fi mọ orúkọ ìyá wọn. Ní Tuam, ní agbègbè Galway, òpìtàn Catherine Corless rí ìwé ikú ọmọ 796 tó kú sínú irú ilé bẹ́ẹ̀ láàárín 1925 sí 1961, kò sì rí ìwé ìsìnkú wọn. Ní 2025, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wa ilẹ̀ ibẹ̀. Kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀ ni wọ́n ti ń gba DNA àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn ọmọ náà tó kù láyé, nítorí pé wọ́n ti di arúgbó.