Pisco: kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, báwo sì ni àlejò ṣe ń tọ́ ọ wò ní aṣálẹ̀ Ica?

Ẹni tó bá mọ bí ẹmu ṣe ń di ògógóró ti mọ ìdajì ohun tí pisco jẹ́. Ẹmu là ń sè kó tó di ògógóró. Wáìnì àjàrà ni àwọn ará Perú, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ń sè ní tiwọn. Inú òfin ni ìdajì yòókù wà. Bí ọtí náà bá ṣe jáde lẹ́nu ìkòkò ni yóò ṣe wọnú ìgò. Wọn kò gbọdọ̀ bu omi là á, wọn kò gbọdọ̀ fi ṣúgà sí i, wọn kò sì gbọdọ̀ rọ ọ́ sínú àgbá onígi kí àwọ̀ rẹ̀ lè pọ́n bíi ti bràńdì. Ìyẹn ló fi ń mọ́ gaara bí omi.

Ẹyẹ ni wọ́n ń pè ní "pisqu" lédè Quechua, èdè àwọn onílẹ̀ ibẹ̀. Pisco ni èbúté kan ń jẹ́ létí òkun Perú, níbi tí wọ́n ti ń kó ọtí sínú ọkọ̀ láyé àtijọ́; òun náà ni ìkòkò amọ̀ tí wọ́n ń rọ ọtí sí ń jẹ́. Chile náà ní pisco tirẹ̀, òun àti Perú kò sì tíì parí ìjà orúkọ náà. Ṣùgbọ́n Chile fàyè gba omi àti àgbá onígi, nítorí náà kí ẹ má retí pé adùn kan náà lẹ máa bá.

Ica wà ní nǹkan bí 300 kìlómítà sí gúúsù Lima, olú-ìlú Perú, bọ́ọ̀sì á sì gbà tó wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún. Òjò kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀ níbẹ̀, torí ìṣàn omi tútù Humboldt tó ń gba etíkun kọjá kì í jẹ́ kí òjò ṣú. Odò tó ti orí òkè Andes wá ló ń bomi rin àjàrà, oṣù díẹ̀ péré ló sì fi ń ṣàn lọ́dún. Ìyókù, kànga ni. Àwọn ará Sípéènì ló gbin àjàrà síbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1540 lọ, àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà sì wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ inú ọgbà náà. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ṣì wà ní El Carmen, ní agbègbè Chincha, lójú ọ̀nà Lima sí Ica. Ó yẹ kí ọmọ Áfíríkà tó bá ń kọjá dúró kí wọn.

Oṣù kejì sí ìkẹrin ọdún ni ìkórè. Wọ́n á fún omi àjàrà, wọ́n á fi sílẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ìwúkàrà sọ ṣúgà rẹ̀ di ọtí. Nígbà tó bá ń hó lọ́wọ́, tó ṣì dùn, cachina ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó fẹ́ràn ẹmu òwúrọ̀ á gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e kaná nínú ìkòkò bàbà, kí ooru rẹ̀ gba inú ọ̀pá tó wà nínú omi tútù, kó sì máa kán.

Ibí ni iṣẹ́ ọwọ́ wà. Ohun tó kọ́kọ́ kán ni wọ́n ń pè ní orí: ó ń ta nímú bí ohun tí a fi ń nu kúńtẹ̀ẹ̀sì èékánná, kò ṣeé mu, wọ́n á sì yà á sọ́tọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni ìrù: ó ti ṣàn jù, ó sì ń rùn bí aṣọ tí kò rí oòrùn. Àárín nìkan ni pisco. Bí ọtí náà bá sì ṣe ń kán lọ ni agbára rẹ̀ ń dínkù, bẹ́ẹ̀ òfin ní kí gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ wà láàárín ìdá 38 sí 48 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọlọ́tí mìíràn tó bá ṣe àṣìṣe lè fi omi tún un ṣe. Ẹni tó ń ṣe pisco kò ní omi kankan tó lè sá tọ̀. Bó bá tètè dáwọ́ dúró, ó le jù. Bó bá pẹ́, ìrù ti wọ̀ ọ́. Iná tó bá pọ̀ jù náà á da orí, àárín àti ìrù pọ̀ mọ́ra wọn. Oṣù mẹ́ta ó kéré tán ni yóò sì fi sinmi nínú gíláàsì, irin tí kì í dípẹtà tàbí ìkòkò amọ̀.

Lára ìgò, "puro" ni ti irú àjàrà kan ṣoṣo, "acholado" ni àdàlù. "Mosto verde" ni èyí tí wọ́n sè kí ṣúgà tó tán nínú rẹ̀. Àjàrà tó ń jẹ pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi wọ́n. Irú àjàrà mẹ́jọ péré ni òfin gbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Quebranta, tí kì í ta sánsán púpọ̀, kí ẹ tó kan Italia, tí òórùn òdòdó rẹ̀ máa ń bo òmíràn mọ́lẹ̀. Ẹ má dà á sọ́fun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi omi sáàárín.

Huacachina wà ní nǹkan bí kìlómítà márùn-ún sí ìlú Ica: adágún omi kan, igi ọ̀pẹ yí i ká, òkè iyanrìn tó ga fíofío sì yí ọ̀pẹ náà ká. Látinú ilẹ̀ ni omi rẹ̀ ti ń sun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kànga pọ̀ lágbègbè náà débi pé ó ń gbẹ; ní báyìí, wọ́n ń fa omi kún un ni. Ẹ má wẹ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀sán gangan gun òkè iyanrìn, torí ilẹ̀ ń jóni lẹ́sẹ̀. Nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ló dára jù. Kí òkè iyanrìn sì ṣáájú ọtí: lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní, kí ọtí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí ọkọ̀ tó ń sáré lórí iyanrìn máa ń ju ikùn sókè. Ẹni tó fẹ́ yọ̀ lórí pákó, kó fi àbẹ́là pa abẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á há láàárín ọ̀nà. Kó dojú bolẹ̀ lé e, kó kó ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì sínú, kó sì máa fi ìka ẹsẹ̀ dín eré kù. Kó má fi ọwọ́ dá a dúró.